Òrùka Tó Yí Iná Ká

"Kí ló dé tí òrùka fi ń yí gbogbo iná ká lójú mi?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè bẹ́ẹ̀ níbi tí a ti ń sinmi, tó ń wo gílóòbù tó wà lókè orí wa. Ẹ rò pé àárẹ̀ ni. Èmi mọ ìdáhùn, mo sì gbé e mì. Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi, òní ni n ó tú u síta, nítorí bó bá pẹ́ nínú mi jù báyìí lọ, ẹlòmíràn nínú yín ló máa kàn.

Ìlara ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Dìgírì. Ẹ máa ń ní, "Dìgírì, gé fóòmù yìí kó tọ́, àbí wọn ò kọ́ yín ní gígé?" Mo ń bá yín rẹ́rìn-ín, inú mi ń hó. Èmi tí mo ka kẹ́mísírì ní yunifásítì ń gé fóòmù. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò kọjá ilé ìwé girama ni olórí yàrá tí a ti ń po kẹ́míkà. Ọmú kan náà la mu, síbẹ̀ bí wọ́n bá pè é ní ọ̀gá, ńṣe ló ń ta mí bí ata lójú egbò.

Bí mo bá rí ohun tó ta kókó, oorun kì í kùn mí títí n ó fi tú u. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ ìsinmi, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere. Bó bá ti ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán, kùrukùru á bò ó, iná á di olórùka. Ìgbà tí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá kẹ́míkà yẹn jáde bàjẹ́ ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo wá rántí ohun tí mo kà: ámíìnì, kẹ́míkà inú àgbá tó ń rùn bí ẹja àná, èyí tó ń mú kí fóòmù wú, ooru rẹ̀ tó ń fẹ́ sókè ló ń ṣe ojú bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá kúrò nídìí rẹ̀, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ojú á padà bọ̀ sípò. Inú mi dùn pé mo já àlọ́ náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn, mo sì panu mọ́. Mo ní bó bá gbà pé ojú òun ń fọ́, yóò fiṣẹ́ sílẹ̀, ipò á kàn mí. Ẹ wo irú ọmọ ìyá tí mo jẹ́.

Ó mú mi dání lọ rí dókítà ojú. Dókítà bi í bóyá nǹkan kan ń rùn níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

"Àbúrò, ìwọ lo kàwé ẹ̀. Ṣé òórùn yẹn lè ṣe ojú?"

"Rárá o, Bọ̀dá. Imú ló ń bá jà, kì í bá ojú jà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì padà sídìí àgbá. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, bó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé nírọ̀lẹ́, iná ọkọ̀ akẹ́rù kan di òrùka ràgàjì lójú rẹ̀, kò mọ bó ti súnmọ́ òun tó, ọkọ̀ náà sì gbá a. Ẹ ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ ní ọsibítù.

Mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ó kọjú sí ògiri. Mi ò ní kẹ́ ẹ tètè dárí jì mí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá yẹn títí wọ́n á fi tún fáànù ṣe, kẹ́ ẹ má sì gun ohunkóhun lọ sílé bí iná bá ní òrùka lójú yín.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo lọ gbàyè lọ́wọ́ máníjà láti bá yín sọ̀rọ̀, mo sọ fún un pé ipò ló fà á. Ó bi mí pé:

"Ipò wo? Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló wá bẹ̀ mí lójú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní àyà ẹ máa ń há láti kékeré, pé òórùn yẹn á dá ẹ lóró, kí n fi òun síbẹ̀. Ṣé ìwọ nìkan ni ò mọ̀ ni?"

Bí mo ti ń wò yín yìí, ẹ ti dorí kodò. Gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀.