Ilẹ̀ Iṣu Tí Kòkó Gbà

Nínú lọ́rì tó gbé wa láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, lóṣù tí òjò kò dáwọ́ dúró, àgbẹ̀ kan àti obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja gbígbẹ jókòó níwájú mi.

"Ẹ̀yin ará etí òkun lẹ kó òjò yìí wá," ni àgbẹ̀ náà wí. "Gbogbo kòkó mi ló dúdú, tó ń rà lórí igi."

"Omi ti wọ ilé tiwa náà, bàbá. Ẹ̀yin ṣáà níṣu."

"Iṣu wo? Nígbà tí kòkó kéré, àárín rẹ̀ là ń kọ ebè sí. Ó ti ṣíji bo ilẹ̀ báyìí, iṣu kì í sì í ta lábẹ́ ibòòji."

"Ẹ ò fi ibì kankan sílẹ̀?"

"Mo gbin kòkó síbẹ̀ náà. Mo ní n óò máa fowó kòkó ra iṣu."

"Kí wá ni àwọn ọmọ ń jẹ?"

"Ìyá ẹlẹ́ja, ká tiẹ̀ ní kòkó yìí ò rà, mi ò tíì rí ọmọ tó jẹ kòkó yó."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé bá àwọn ọmọ mi mẹ́rin ní àdúgbò Ìsìkàn l'Àkúrẹ́. Ọkọ mi kò sí nílé. Ó ti kó irúgbìn kòkó lọ sí oko iṣu wa.