Ìwé Ìṣọ́ Tó Ṣáájú Aago

Rárá o, ọ̀gá èbúté, ẹ má tẹ òǹtẹ̀ yẹn! Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fi lè tẹ òǹtẹ̀ yẹn mọ́ ìwé àṣẹ ìgbéra wa pẹ́nrẹ́n, ìrọ̀lẹ́ òní ni ọkọ mi máa tún gbé mi sórí omi, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló kù kí òru àná sọ mí di oúnjẹ ẹja!

Kí n lọ pe ọ̀gá ọkọ̀ wá? Ọ̀gá ọkọ̀ wo? Ẹ bojú wo fèrèsé, ọkọ mi tó dé fìlà pupa yẹn ni, tó ń nawọ́ sí òkun, tí àwọn apẹja yí ká tí wọ́n ń kí i kú oríire. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń sọ fún wọn? Bí òun ṣe fa ọkọ̀ yọ lẹ́nu àpáta! Òun! Ọlọ́run ń gbọ́ o. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ síbi àpáta, ṣe ló ń hanrun.

Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ yẹn já sínú òkun lóru àná, mi ò sì ní bẹ́ wọnú omi torí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwa méjì péré la wà nínú ọkọ̀ onígbòkun yẹn. Káfíńtà ni ọkọ mi, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án lẹ́yìnkùlé wa, ọdún méje gbáko, tí mi ò ríbi sá aṣọ sí, ṣé mo ráhùn? Ó fẹ̀yìn tì, èmi náà fẹ̀yìn tì, ó ní ká máa lọ láti èbúté dé èbúté, mo ní kò burú. Àdéhùn kan ṣoṣo ni mo bá a ṣe. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa fi ṣọ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ò gbọdọ̀ sùn. Bí wákàtí kan bá ti pé, kó wò yíká, kó kọ ohun tó rí sínú ìwé, bóyá afẹ́fẹ́ ni o, ìgbì ni o, iná ni o. Bí oorun bá sì ń kùn ún, kó jí ẹnì kejì. Ṣé ìyẹn le?

Mo bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láago méjìlá òru, mo fi í sídìí ìṣọ́, mo sùn. Kì í ṣe òun ló jí mi o! Ariwo omi ló yí padà létí mi, bí ìgbà tí wọ́n ń da yanrìn sílẹ̀ láti ẹ̀yìn tírélà. Mo sáré gòkè. Ó ti fi okùn so igi ìtọ́kọ̀ tá a fi ń darí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbórí lé àpò, ó lanu sílẹ̀ gbagada. Iwájú wa funfun! Nínú òkùnkùn biribiri, ọ̀gá, iwájú wa ń ho funfun, àpáta ni! Mo já okùn, mo fi gbogbo ara ti igi, ìgbòkun gbá kọjá lókè orí mi, ìdí ọkọ̀ ha òkúta lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ títí dé eyín mi. Ìgbà yẹn ló tó lajú. Ẹ mọ ohun tó sọ? "Kí lò ń ti ọkọ̀ kiri fún?"

Hùn! Ẹ̀rín pa mí, ẹkún pa mí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Oorun ò mọ ọba, ta ni kì í sùn? Mo ṣí ìwé ìṣọ́ kí n lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá ni o. Ìwé náà rèé, ẹ fojú ara yín kà á. Aago kan, òkun pa rọ́rọ́. Aago méjì, òkun pa rọ́rọ́. Aago mẹ́ta, òkun pa rọ́rọ́, mo rí ilé iná atọ́nà ọkọ̀. Aago mẹ́ta wo? Aago mẹ́ta ò tíì dé ayé! Ó ti kọ gbogbo ẹ̀ tán kó tó sùn! Ẹ ka ìsàlẹ̀, ẹ kà á: "Aago mẹ́rin, mo jẹ́ kí ìyàwó mi máa sùn, àánú rẹ̀ ṣe mí."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ rí ní wọ́ọ̀dù mi pé aláìsàn sùn dáadáa láago mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ aláìsàn ti kú láago mẹ́ta. Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá aláìsàn náà. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n, orí àyà rẹ̀ ni mo ti sunkún ọjọ́ náà!

Ṣé mo ní kó dọ̀bálẹ̀ ni? Mo ní kó sáà sọ pé "mo sùn". Kò sọ ọ́! Ó ní òun kàn di ojú ni, pé etí lòun fi ń ṣọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ òní dára, ká tún gbéra.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ká lọ yanjú ẹ̀ nílé? Ilé wo? Ilé wa ló so mọ́ òpó yín yẹn!

Kí n má bá a lọ kẹ̀? Á dá lọ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ta ló máa wá gbọ́ ariwo omi fún un? Ọdún mẹ́tàdínlógójì rèé, ọ̀gá. Tó bá kú, ta lẹ fẹ́ kí n máa bá jà?

Igi tí mo gbé lé orí tábìlì yín yìí, kì í ṣe yín ni mo fẹ́ fi lù. Igi ìtọ́kọ̀ ni, mo ti yọ ọ́, ọkọ̀ ò lè yí sọ́tùn-ún sósì láìsí i. Ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Kó wá síbí, kó dúró níwájú mi àti níwájú àwọn apẹja rẹ̀, kó sọ pé òun sùn, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ tó fún un.

Àṣé ó ti dé inú ọkọ̀, ó wá igi ẹ̀ tì. Ẹ wò ó, ó ń sáré bọ̀! Ẹ tètè ti kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀gá, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́! Ha ha! Ẹ ò rí bí ojú ẹ̀ ṣe là kedere? Ojú tó yẹ kó fi ṣọ́ mi lóru àná nìyẹn!