Owó Tí Wọ́n Ní Ó Pọ̀ Jù

Lọ́dún tí ìjọba ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ àgbà kan àti ọmọbìnrin kan tó ń tẹ̀wé fún ìjọba, nínú ọkọ̀ tó ń ti Sókótó lọ sí Ìlọrin.

“Bàbá, ìgbà tí ẹ dárúkọ fún dírẹ́bà ni mo mọ̀ yín. Èmi ni mo tẹ orúkọ yín mọ́ àwọn tí wọ́n dá dúró. Ẹ má bínú.”

“Haba! Kí ni wọ́n ní mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní owó ló pọ̀ jù nílùú tí ọjà fi wọ́n, kí ìjọba dín ìnáwó kù.”

“Owó pọ̀ jù? Lọ́wọ́ olùkọ́?” Ó wo ẹrù ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. “Ìwọ náà ń relé, ọmọ mi. Ta ló tẹ tìrẹ?”

“Èmi náà ni, sà.”

Bàbá náà gbé àpò rẹ̀ kúrò láàárín wọn, kí ọmọ náà lè jókòó dáadáa.