Wáyà Bàbà Tí Mo Fi Rọ́pò Fíùsì

Ìwọ tó ń ka èyí, tí oníná bá fi wáyà lásán dí ojú fíùsì nílé rẹ, tó ní kò séwu, má sùn síbẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, torí èmi ni mo ṣe é. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ara mi ti ń fúyẹ́.

Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe búrẹ́dì. Ìyá Alágbàfọ̀ ń fọṣọ, ó ń lọṣọ, ní yàrá tó fara kan ti ẹ̀gbọ́n mi, nílé Baba Onílé. Ààrò iná ẹ̀gbọ́n mi ní kọ́ìlì kan, wáyà kíká tó ń gbóná. Mo fi mítà ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n: fóltì igba ó lé ogún, ámpù mẹ́wàá. Fi ámpù pín fóltì, ìdènà kọ́ìlì náà, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà, jẹ́ óòmù méjìlélógún. Ìyẹn mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní búrẹ́dì ò tètè jinná, kí n fi kọ́ìlì kejì kún un. Mo so méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú tèmi, ìdènà á di mẹ́rìnlélógójì, ámpù á sì dín kù. Olódo ni mí! Ọ̀nà kejì ni mo là fún iná. Ìdènà di mọ́kànlá, ámpù di ogún. Igba ó lé ogún lọ́nà ogún: agbára tí ààrò ń fà di wáàtì ẹgbàajì ó lé irínwó, lórí wáyà tí kò lè gbé ju ámpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mítà fi hàn mí. Mo rí i o. Mo ti mítà bọ àpò.

Fíùsì já. Mo fi òmíràn sí i, ó tún já. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣẹ̀sín: "Ẹnjiníà, àbí kí n máa sá búrẹ́dì sóòrùn ni?" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí láti ní ká yọ kọ́ìlì kejì. Mo ká wáyà bàbà ní ìlọ́po mẹ́ta, mo fi dí ojú fíùsì. Mo ní, "Ó tán, ẹ̀gbọ́n mi. Kò séwu."

Wáyà inú ògiri gbóná títí ó fi gbiná. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n yàrá méjèèjì jó. Wá gbọ́ èyí tó burú jù. Bí wọ́n ṣe pa iná tán, mo wọlé ṣáájú gbogbo wọn, mo yọ bàbà yẹn, mo fi ọ̀kan nínú àwọn fíùsì tó ti já síbẹ̀, kí wọ́n má bàa rí ohun tí mo ṣe. Nígbà tí Baba Onílé bi mí ohun tó fà á, mo nàka sí áyọ́ọ̀nù Ìyá Alágbàfọ̀. Áyọ́ọ̀nù tí kì í fà ju ámpù márùn-ún lọ!

"Ẹnjiníà, mo ti yọ ọ́ kí n tó jáde! Wò mí lójú!" ni Ìyá Alágbàfọ̀ ké.

Mi ò wò ó. Baba Onílé kó ìwọ̀nba ẹrù rẹ̀ tí iná ò jó síta, àdúgbò sọ ọ́ ní Ajólé. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá fún un mọ́.

Láìpẹ́ yìí, iná mànàmáná gbé èmi náà lẹ́nu iṣẹ́. Ahọ́n mi kú, mo rò pé ó parí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ju ikú lọ ni pé n ó gbé irọ́ tí mo fi ba orúkọ obìnrin yẹn jẹ́ wọ ilẹ̀. Bí ahọ́n mi ṣe tú, mo kó Baba Onílé àti ẹ̀gbọ́n mi dání, a wá a lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú. "Àbúrò mi, ìwọ!"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi." Mo mí kanlẹ̀. Má bínú, ìwọ tó ń kà á, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi.

Baba Onílé wúkọ́. "Ìyá, ó ti jẹ́wọ́. Ẹ dárí jì í, ká máa lọ."

Ìyá Alágbàfọ̀ wò ó. "Ẹni tó parọ́ mọ́ mi ti sọ tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó ẹrù mi síta ńkọ́?"

Baba Onílé kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ Ìyá Alágbàfọ̀ pé kó ṣáà sọ bóyá ó dárí jì wá.

"Mo ti sọ̀rọ̀ tèmi tán," ló wí. Ó fa àga rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa.