Àwo Kìíní, Àwo Kejì, àti Ohun tí Mo Ṣe sí Ohùn Àbúrò Mi

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2019, àbúrò mi kú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ, èmi ló yẹ kí ó sin. Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ tún àwo orin méjèèjì tí ẹgbẹ́ wa ṣe tẹ̀ jáde kọ lẹ́tà sí mi. Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé méjì sínú ìwé pélébé tí yóò bá àwo náà lọ, kí n fi ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ ìdí tí àwo kìíní fi dára ju èkejì lọ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí a gba méjèèjì sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti bá mi kọ ìlà àkọ́kọ́: “Iná ni àwo kìíní, eérú ni àwo kejì, ọtí ló sì wà láàárín wọn.” Ìyàwó àbúrò mi rí lẹ́tà náà lórí tábìlì mi. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ mi kò fi ẹnu kan ọtí rí.” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Ta ló wá máa sọ fún wọn?” Mo dákẹ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń dákẹ́, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àgbà tó ti sin àbúrò rẹ̀ tán, kí ló tún kù tó ń bẹ̀rù? Iná kankan kò sí nínú àwo kìíní. Ẹ̀rọ ló sáré. Èmi ni mo jẹ́ kó sáré, èmi ni mo sì jẹ́ kí ọmọ ìyá mi gbé ẹ̀bi rẹ̀ wọ ilẹ̀.

Orin rọ́ọ̀kì là ń ṣe, orin gìtá oníná tí àwọn òbí wa ń pè ní ariwo àgbá òfìfo. Àbúrò mi ni olórin. Onígìtá wa jẹ́ ọmọ télọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá, etí rẹ̀ mú. Òòlù là ń pe onílù wa, torí ó máa ń lu ìlù bí ẹni tó ń kan pákó. Ẹnìkan tún wà tó ń ta gìtá bàsì, tí kì í sọ̀rọ̀. Mi ò ní dá a lẹ́bi kankan. Ní tèmi, mi ò lè kọrin, mi ò lè ta gìtá. Ṣùgbọ́n mo ti parí ilé ìwé girama, mo sì ti ka ìwé tó bá ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni wọ́n bá ń pè mí ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí nínú wa, oyè yẹn ni ọtí, èmi ni mo sì mu ún.

Inú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo la ti gba àwo kìíní sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, kò le. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń falẹ̀, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ á máa fa téèpù jẹ́jẹ́. Ẹ kò ní mọ̀ níbẹ̀, torí jẹ́jẹ́ náà ni yóò fi dá orin padà fún yín. Àmọ́ bí ẹ bá gbé téèpù yẹn lọ síbi tí iná ti pé, yóò sáré: orin á yá ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn á sì tín-ín-rín sókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ máa wo ọ̀pá atọ́ka lára jẹnẹrétọ̀ ní àràárọ̀, kí ó sì lu irin kékeré ẹlẹ́ka méjì kan tí ohùn rẹ̀ kì í yí padà, kí ó gba ohùn irin náà sí ìbẹ̀rẹ̀ téèpù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó máa tẹ àwo lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọjọ́ kìíní, tí a fi gbé nǹkan kalẹ̀ lásán, mo ṣe méjèèjì. Ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, epo ti dà sílẹ̀ yí jẹnẹrétọ̀ ká, bàtà funfun tuntun ni mo sì wọ̀. Mi ò lọ, mi ò sì lọ títí iṣẹ́ fi parí. Irin náà ńkọ́? Mo ní àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Onígìtá béèrè pé, “Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ṣé ẹ ti yẹ iná wò?” Mo ní, “Ìwọ tún okùn gìtá rẹ ṣe, fi iná sílẹ̀ fún ẹni tó kàwé.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá: bàtà ló ń ṣọ́.

Nígbà tí àwo náà dé, mo dá gbé e sórí ẹ̀rọ nínú yàrá mi. Kí àbúrò mi tó kọ ìlà méjì tán, mo ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ìgbà tó ṣì wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kejì, onígìtá wá bá mi. “Ọ̀gá Ẹ̀rọ, mo fẹ́ ta gìtá tẹ̀ lé àwo wa, kò bá a mu. Àwo ga ju gìtá lọ.” Ìgbà yẹn ni mo lè sọ ọ́. Wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ á tán. Kàkà bẹ́ẹ̀ mo ní, “Ìwọ lo fa okùn rẹ le jù. Inú rẹ ló dùn lọ́jọ́ náà.” Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bóyá lóòótọ́ ni o.” Òòlù ní, “Èmi gan-an, mo yá ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ ò rí i pé èèyàn kì í mọ agbára ara rẹ̀.” Agbára ẹ̀rọ ni òmùgọ̀ yìí fi ń ṣe fọ́ńté. Láti ọjọ́ yẹn, àwo di ọ̀gá wọn. Onígìtá fa okùn rẹ̀ le títí ó fi bá àwo dọ́gba, Òòlù ń sáré lé ara rẹ̀, àbúrò mi sì ní láti máa gbé ohùn rẹ̀ gun òkè tí kò gùn rí, torí àwọn tó wá wò wá fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe wà lórí àwo.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà la gba àwo kejì sílẹ̀, nínú sitúdíò tòótọ́, iná pé, ọ̀pá atọ́ka dúró sójú ààmì. Mo yẹ ohun gbogbo wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyin ti fọ́ tán kí n tó máa wá òwú tí n ó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi méjèèjì wéra. Ó dára. Àwo kìíní jẹ́ ọkùnrin kan tó ń kọrin ní ìrọ̀rùn, tí ẹ̀rọ sọ di ọmọdé. Àwo kejì jẹ́ ọkùnrin kan náà, tó ń fi ọ̀fun rẹ̀ lé ọmọdé tí kò sí níbì kankan. Bí ẹ bá ń wá ìgboyà, inú èkejì ló wà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ orin gbọ́n jù wá lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan fi odidi wákàtí kan wé àwo méjèèjì lórí rédíò. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀mí nínú àkọ́kọ́. Ní ti èkejì, ó ní òun gbọ́ ìgò. Ìgò. Ọkùnrin tí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀mí àti téèpù tó ń sáré, òun ló gbọ́ ìgò. Àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Mo kẹ́gàn wọn títí dòní. Àmọ́ ta ló se irọ́ náà fún wọn jẹ?

Ọ̀fun àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kókó ti so níbẹ̀, ó ní kí ó sinmi fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ó máa kọrin níbi tí ohùn rẹ̀ bá mọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e wá sílé mi. Kò jókòó. Ó gbé àwo kìíní dání, ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣé èmi nìyí? Bí mo bá gbọ́ ọ, ara mi ò rántí pé mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ?” Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń wá. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á dẹ okùn gìtá wálẹ̀, yóò sinmi, yóò sì máa kọrin rẹ̀ lọ. Mo wo ojú ọmọ ìyá mi. Mo ní, “Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ìwọ ni o ò ní ohùn yẹn mọ́. Má ti ẹ̀bi rẹ sí mi lọ́rùn.” Ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó rọra gbé àwo náà sórí àga, ó jáde, kò sì kọrin mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀dà ilé ló ń tà fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìyàwó rẹ̀ ní bí rédíò bá gbé orin àwo kìíní sáfẹ́fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kì í pa á. Á dúró ti àwọn agolo ọ̀dà, á ní, “Ọmọ yẹn mọ orin kọ. Mi ò mọ ibi tó gbà lọ.” Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù kó tó kú. Àyè wà, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo ń bá a sọ.

Mo ti ka ìwé yìí fún ìyàwó rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ sì ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní fi ẹ̀bẹ̀ dà á láàmú. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọtí yẹn kúrò. Kí ẹ tó tẹ àwo kìíní, ẹ dín eré téèpù náà kù títí ohùn ọkùnrin yóò fi jáde níbẹ̀. Àwọn kan á ní orin náà ti kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣì jẹ́ àṣìṣe.

Ohun tí àbúrò mi fi sílẹ̀ nìyí: ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì tí wọn kò gbọ́ orin lẹ́nu bàbá wọn rí, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ìwé tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun gbogbo àwọ̀ ọ̀dà tó ń tà, ìgò oyin kan tó kù sí ìdajì, àti ẹ̀dà mẹ́rìnlá àwo kejì, nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń rà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó bá ti rí i, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ.