Bàtà Ìyá Àpáàdì

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbé e.]

ỌMỌ: Ẹ káàsán, Dádì. Ṣé ẹ ti jẹun?

BÀBÁ: Ṣé tìtorí oúnjẹ lo ṣe ń mí hẹlẹ? Ibo lo wà?

ỌMỌ: Etí odò, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Katakata ló ń pariwo.

BÀBÁ: Mo gbọ́. Ibi iṣẹ́ rẹ ńkọ́?

ỌMỌ: Mo gbàyè. Dádì, àwọn nǹkan àtijọ́ tí Mọ́mì ń ṣà jọ, àwọn tó wà nínú agolo bisikíìtì—

BÀBÁ: Wọ́n wà. Wọ́n mọ́ tónítóní.

ỌMỌ: Wọ́n mọ́ báwo?

BÀBÁ: Mo fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ìsìnkú. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n nígbà ayé rẹ̀.

ỌMỌ: Yéè! Bébà tó fi wé wọn ńkọ́? Èyí tó kọ ibi tó ti rí wọn sí?

BÀBÁ: Bébà kàlẹ́ńdà yẹn? Mo—

ỌMỌ: Dádì, ẹ sọ ọ́.

BÀBÁ: Mo dáná sun ún pẹ̀lú pàǹtí.

[Ariwo katakata.]

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Mo gbọ́. Awalẹ̀pìtàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkìtì mẹ́ta ló wà níbí. Àwọn tó ń kọ́lé ní ẹyọ kan ṣoṣo ló lè fi okùn yí ká, kí wọ́n má bàa fọwọ́ kàn án. Tó bá di aago méjì, wọ́n á tẹ́ ìyókù pẹrẹsẹ. Ó fẹ́ mọ ibi tí Mọ́mì ti rí orí amọ̀ yẹn, èyí tí etí rẹ̀ kán.

BÀBÁ: Awalẹ̀pìtàn wo? Èyí tó pe ìyàwó mi lólè?

ỌMỌ: Ó ń gbọ́ yín o! Mo ti fi yín sí speaker.

BÀBÁ: Kó gbọ́. Òun náà sọ tirẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

AWALẸ̀PÌTÀN: Ẹ káàsán, sà. Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Mo ní wọ́n ń ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé Màámà ń kọ ibi tí wọ́n ti ń rí nǹkan sílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gan-an kì í kọ ọ́ tán. Ẹ má bínú.

BÀBÁ: Èmi tí mo sun bébà ńkọ́?

AWALẸ̀PÌTÀN: Ẹ ò bá wọn lọ rí, sà?

BÀBÁ: Ọdún mọ́kànlélógún ló fi pè mí. Mo ní ilé mi kì í ṣe ààtàn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Àpáàdì.

ỌMỌ: Mọ́mì á ní àpáàdì ló tó ko iná lójú—

BÀBÁ: Má rán mi létí.

AWALẸ̀PÌTÀN: Ìgbà wo ni wọ́n rí orí náà?

BÀBÁ: Ọjọ́ tó lọ kẹ́yìn. Ó gbé e sórí tábìlì, ó bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀. [Ó wúkọ́.] Bàtà ṣì wà níbẹ̀.

AWALẸ̀PÌTÀN: Ẹ ti fọ̀ ọ́?

BÀBÁ: Mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án.

AWALẸ̀PÌTÀN: Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

[Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn han.]

BÀBÁ: Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó rí bí eérú. Èédú wà nínú rẹ̀. Èérún ìkarahun ìgbín náà wà.

AWALẸ̀PÌTÀN: Eérú! Òkìtì àárín nìyẹn. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni méjì tó kù— Ẹ sọ fún oníkatakata kó dúró!

ỌMỌ: Dádì, ọ̀gá wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo ń bọ̀ wá mú bàtà náà. Wọ́n á ha ẹrẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi wé ti ibí.

BÀBÁ: Wọ́n á ha á?

ỌMỌ: Aago kan ti lù. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Ojú ibi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ṣì hàn nínú bàtà náà.

ỌMỌ: Dádì—

BÀBÁ: Máa bọ̀. Ti ọ̀tún ni kí wọ́n ha. Sọ fún un pé ti òsì, kó má— Ṣé o gbọ́ mi? Ti òsì, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe— Àbíkẹ́yìn? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]