Ẹni Tó Mú Ọkọ̀ Balẹ̀ sí Oko Jùbrílù

"Ẹ má tíì dárúkọ oyè náà," ni Májẹ́kódùnmí wí fún àwọn àgbà Rore tó pé jọ láti fi í joyè ní àgbàlá Àlájì Jùbrílù lẹ́yìn ìrun alásárì. "Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ahọ́n mi tó ti kẹ̀ síbẹ̀. Tí mo bá gbé e jẹ oyè yín, yóò pa mí ni. Ẹ jẹ́ kí n tu ú síta."

Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí awakọ̀ òfúrufú tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ lọ́wọ́ lójú sánmà, tó sì mú ọkọ̀ kékeré náà balẹ̀ sínú oko Àlájì láìpa adìyẹ kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Rore yìí náà ló wá kọ́lé sí, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n fi hàn án. Iṣu rẹ̀ ń ta, ara rẹ̀ le, wọ́n ń pè é ní Kápẹ́nì. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ayé ń yẹ ẹ́ lórí irọ́. Obìnrin kan tí Májẹ́kódùnmí ránṣẹ́ pè láti Omu-Aran jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lubabah ni orúkọ rẹ̀. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tí Májẹ́kódùnmí ń kọ́ ní ọkọ̀ òfúrufú wíwà lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú náà.

"Kì í ṣe èmi ni mo mú un balẹ̀," ni Májẹ́kódùnmí wí. Ó ní omi ló wọ inú epo. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó yẹ kí wọ́n fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì, kí wọ́n wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Lubabah ti fẹ́ fà á, ṣùgbọ́n òun ló sọ fún un pé, "Fi í lẹ̀, mo ti wò ó." Kò sì wò ó; ebi ló ń pa á, ó fẹ́ yára lọ, kó yára dé. Wọ́n kọjá Esie tán, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó tún húkọ́, ó dákẹ́. "Èmi ọ̀gá, mo fọwọ́ bojú, mo ń ké pe ìyá mi tó ti kú. Ọmọbìnrin yìí ló ní, 'Sà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wà á.' Mi ò lajú títí ilẹ̀ fi gbá wa nídìí."

Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ó mọ̀ pé èyí tó burú jù ṣì kù. "Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfúrufú wa bèèrè, mo ní òun ni kò yẹ epo wò. Mo ní ẹkún ló ń sun, pé èmi ni mo já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí.' Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n lé e, èmi ni wọ́n sì ń gbé gẹ̀gẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo padà lọ bá wọn, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Wọ́n ní kó wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Lubabah, mi ò lẹ́nu tí mo fi lè bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ẹ dìde, sà," ni Lubabah wí. "Mo bínú sí yín títí ìbínú fi sú mi. Mo dárí jì yín nítorí Ọlọ́run. Èmi náà á sì padà lọ wa ọkọ̀ mi."

Àlájì Jùbrílù tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi, báwo lo ṣe rí oko mi látòkè?"

"Gbogbo rẹ̀ dákẹ́, Àlájì. Afẹ́fẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ kó má bàa já bọ́ bí òkúta, mo yà fún wáyà iná, mo wá rí ibi tí ẹ ti kórè àgbàdo, ó tẹ́ lọ gbọọrọ bí ẹní. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Májẹ́kódùnmí dìde jókòó nílẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ti sọ ìtàn yìí káàkiri títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò rí ìkankan nínú rẹ̀ rí. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ má fi ìyìn oníyìn ṣe aṣọ bora bíi tèmi. Lubabah, jọ̀ọ́, tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."